Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Bí Ìṣirò Ìmìtìtì Ilẹ̀ Miyagi Ṣe Bá Àsìkò Mu Tí Kò Bá Ìwọ̀n Mu

Ní oṣù kìíní ọdún 2011, ìgbìmọ̀ ìjọba Jàpáànì tó ń bójú tó ìwádìí ìmìtìtì ilẹ̀ tún sọ ohun tí wọ́n ti ń sọ bọ̀: kí ọdún 30 tó pé, ìsàlẹ̀ òkun tó wà níwájú ìpínlẹ̀ Miyagi yóò mì, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì tó nǹkan bí 7.5. Bó ṣe dájú tó jẹ́ ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ilẹ̀ mì. Etíkun tí wọ́n dárúkọ gan-an ni, àsìkò tí wọ́n dá kò sì yẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n 9.0 ló dé. Nọ́ńbà ìwọ̀n yìí kì í pọ̀ bí kíkà lásán, bó bá lé díẹ̀, agbára ìmìtìtì náà máa ń di ìlọ́po púpọ̀: agbára tó tú jáde tó nǹkan bí ìlọ́po 180 ti èyí tí wọ́n ń retí. Òkun gòkè wá, àwọn tó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ sì lé ní 18,000.

Àwọn kan máa ń sọ pé ńṣe ni àwọn onímọ̀ ibẹ̀ sùn lọ. Wọn kò sùn. Agbára káká la fi lè rí etíkun mìíràn láyé tí wọ́n ń ṣọ́ tó èyí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó ń fi ìtàn ìmìtìtì ilẹ̀ ṣírò ewu ọjọ́ iwájú tú ìṣirò yìí wò láti ìdí dé òkè. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ló ṣe é, síbẹ̀ ó kùnà níbi tó ṣe pàtàkì jù.

Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Èèpo ilẹ̀ ayé pín sí abala ńláńlá tó ń rìn. Abala tó wà lábẹ́ òkun Pàsífíìkì ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ó ń rì wọ abẹ́ abala tó gbé àríwá Jàpáànì dúró, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8 lọ́dún. Ọ̀gbun jíjìn kan wà ní ìsàlẹ̀ òkun, ní nǹkan bí 200 kìlómítà sí èbúté. Ibẹ̀ ló ti ń wọlé. Ìrìn náà kì í dúró. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí abala méjèèjì ti fara kanra kì í yọ̀ geere, ó máa ń di ara rẹ̀ mú. Tìsàlẹ̀ á máa wọ́ tòkè lọ, tòkè á máa fún pọ̀, á máa tẹ̀, ọdún dé ọdún. Lọ́jọ́ tí ibi tó dì bá já, abala òkè á ta padà síwájú, á gbé ìsàlẹ̀ òkun sókè lójijì, omi orí rẹ̀ á sì di sùnámì. Ojú náà á tún dì, fífún pọ̀ náà á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé irú ilẹ̀ báyìí kì í mì lẹ́ẹ̀kan kí ó sì parí síbẹ̀.

Ní Miyagi, ìpadàbọ̀ yìí hàn kedere ju ọ̀pọ̀ ibi lọ. Ìwé ìtàn àti ẹ̀rọ fi hàn pé ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1793, 1835, 1861, 1897, 1936 àti 1978. Àlàfo tó kúrú jù láàrin wọn jẹ́ ọdún 26, èyí tó gùn jù jẹ́ 42, tí a bá sì pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba, ọdún 37 ló bọ́ sí. Ti 1978 pa ènìyàn 28 ní agbègbè Sendai, olú ìlú Miyagi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ògiri búlọ́ọ̀kù ló wó lù wọ́n. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni Jàpáànì tún òfin ilé kíkọ́ ṣe. Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ Kobe sì pa ènìyàn tó lé ní 6,000 ní ọdún 1995, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa sọ fún ará ìlú, lọ́nà tí nọ́ńbà ṣeé fi hàn, ibi tí ewu wà. Miyagi wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n yẹ̀ wò, nítorí pé kò sí ibi tí ìtàn rẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ṣiṣẹ́ rere. Torí rẹ̀ ni wọ́n fi fún ilé ìwé àti afárá lókun, tí ọmọdé fi mọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà sá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kíkà náà kò wúlò.

Àwọn àgbà wa ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìkeje ni gbogbo ènìyàn ń retí ní Miyagi.

Ẹ jẹ́ ká tún ìṣirò náà ṣe fúnra wa. Sẹ̀ǹtímítà 8 lọ́nà ọdún 37 sún mọ́ mítà 3. Ìyẹn ni iye tí ó yẹ kí ojú tó dì ti kó jọ kí ó tó já. Nígbà tí wọ́n wọn èyí tó já ní 1978, nǹkan bí mítà 2 ni abala méjèèjì fi yẹ̀ lórí ara wọn. Fún ibi tó já gan-an, kò burú. Ṣùgbọ́n ibi tó já kéré, ó sì wà nítòsí èbúté, níbi tí abala tó ń rì ti wọlẹ̀ jìnnà. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀gbun, ibi tó gbòòrò jùyẹn lọ wà tí kò sí ìkankan nínú àwọn mẹ́fà náà tó dáhùn fún un. Tí wọ́n bá kó gbogbo ìmìtìtì tí wọ́n mọ̀ ní etíkun àríwá ìlà oòrùn Jàpáànì pọ̀, gbogbo wọn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìrìn abala náà lọ. Ó dà bíi gbèsè tí ẹni tó jẹ ẹ́ ń san èlé rẹ̀ déédéé: olówó ń rí nǹkan gbà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ojú owó sì wà nílẹ̀ bó ṣe wà.

Kí ni wọ́n rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìdá mẹ́ta tó kù? Wọ́n gbà pé ó ń yọ̀ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ láìmi ilẹ̀. Èrò yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní 1980, àwọn onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ méjì, Larry Ruff àti Hiroo Kanamori, ti fi hàn pé níbi tí abala tó ń rì kò bá tíì pẹ́ láyé tó sì ń yára rìn ni ìmìtìtì tó tóbi jù ti máa ń ṣẹlẹ̀. Chile, tó mì ní ìwọ̀n 9.5 ní 1960, bá èyí mu. Ìsàlẹ̀ òkun tó ń wọlé níwájú Miyagi ti lo nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 130. Ó ti tutù, ó wúwo, ó yẹ kó máa rì láìjà. Lójú àwòrán ìmọ̀ yẹn, ìwọ̀n tó lé díẹ̀ ní 8 ni òpin agbára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Sumatra ní Indonéṣíà mì ní ìparí 2004, ní ìwọ̀n 9.1, níbi tí abala náà ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ tí àwòrán náà kò sì fún un láyè. Ní 2008, onímọ̀ ilẹ̀ kan, Robert McCaffrey, kọ̀wé pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí a fi ẹ̀rọ wọn ilẹ̀ kúrú ju ohun tí a fẹ́ fi mọ̀ lọ, pé kò sí èyí tí a lè yọ sílẹ̀ nínú àwọn ibi tí abala kan ti ń rì sábẹ́ òmíràn pé kò lè mú 9 wá. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde síta. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ìjọba kò yí padà.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ti ń jẹ́rìí. Láti àárín ọdún 1990 sí i ni Jàpáànì ti ri ẹ̀rọ GPS mọ́lẹ̀ káàkiri, ó lé ní 1,000, wọ́n sì ń rí i pé gbogbo etíkun Miyagi ń sún sí ìwọ̀ oòrùn bí ẹni tí wọ́n ń tì. Tí ojú ìsàlẹ̀ bá ń yọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ohun kejì dàgbà ju GPS lọ: òpó tí wọ́n fi ń wọn ìgòkè omi òkun fi hàn pé etíkun náà ti ń rì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní àwọn ibì kan ó tó mílímítà 10 lọ́dún. Wọ́n retí pé ìmìtìtì ilẹ̀ yóò gbé e padà sókè. Ti 1936 dé, ti 1978 dé, kò gbé e sókè. Èmi rò pé ẹ̀rí yìí ló yẹ kó dá oorun mọ́ ènìyàn lójú jù lọ, nítorí kò nílò àwòrán ìmọ̀ kankan kí ó tó yé ni: ohun kan ń wọ ilẹ̀ náà lọ sísàlẹ̀, ìmìtìtì méjèèjì yẹn kò sì dá a padà.

Ẹ̀rí tó gùn jù wà nínú oko ìrẹsì. Ìwé ìtàn ààfin Jàpáànì tí wọ́n parí ní 901 sọ pé ní 869, ilẹ̀ mì ní apá ibẹ̀, òkun bú, ó sì ya wọ ìsàlẹ̀ ilé odi tí ìjọba fi ń ṣàkóso agbègbè náà, pápá àti ọ̀nà di omi, nǹkan bí ènìyàn 1,000 sì rì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtàn lásán ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ Sendai. Lára àwọn tó kọ́kọ́ gbẹ́ ẹ ni àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ iná tó ń kọ́ ilé amúnáwá núkílíà sí Onagawa. Ìwé wọn jáde ní 1990. Koji Minoura ti Yunifásítì Tohoku náà gbẹ́ tirẹ̀. Nínú ẹrẹ̀ dúdú tó ń kó jọ ní abàtà, wọ́n bá iyanrìn òkun tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí odò kò lè gbé débẹ̀. Lórí rẹ̀ díẹ̀ ni eérú òkè ayọnáyèéfín Towada wà, èyí tó bú ní 915. Iyanrìn náà ti wà nílẹ̀ kí eérú tó bọ́. Ìdúró wọn yẹn lásán ti fi ọjọ́ orí iyanrìn náà hàn: sùnámì 869 ló gbé e wá.

Ìwọ̀nyẹn nìkan kọ́. Nísàlẹ̀ iyanrìn 869, iyanrìn mìíràn wà, òmíràn sì tún wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní 2001, Minoura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ kedere pé irú sùnámì báyìí ń padà wá ní bí ọdún 800 sí 1,100, pé ó ti lé ní 1,100 ọdún láti ìgbà tí ti 869 ti ṣẹlẹ̀, àti pé ó ṣeé ṣe gidigidi kí òmíràn dé. Ní 2008, onímọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ Kenji Satake àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wo ibi tí iyanrìn náà dé, wọ́n sì ṣírò pé ìmìtìtì tó gbé e wá tó nǹkan bí 8.4. Ní oṣù kẹfà 2009, onímọ̀ ilẹ̀ Yukinobu Okamura dìde níbi ìpàdé ìjọba tó ń yẹ ààbò ilé amúnáwá Fukushima wò, ó sì bi wọ́n léèrè ìdí tí 869 kò fi sí nínú ìṣirò wọn. Ìpàdé náà kọjá lọ. Ilé amúnáwá méjèèjì wà ní etíkun kan náà. Ti Onagawa wà lórí ilẹ̀ tó ga tó mítà 14.8, omi tó dé ibẹ̀ tó nǹkan bí mítà 13, ilẹ̀ sì ti rì ní mítà kan kí omi tó dé, síbẹ̀ ó yè é. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti Fukushima, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹjọ ọdún 2005, nítorí àwọn ènìyàn kì í sábà ka ọjọ́ náà sí. Ìsàlẹ̀ òkun Miyagi mì ní ìwọ̀n 7.2. Ọdún 27 péré ni láti 1978. Ìbéèrè dé: ṣé èyí tí a ń retí nìyí? Ìgbìmọ̀ wo ibi tó já, wọ́n rí i pé apá kan ibi ti 1978 ni, wọ́n ní kì í ṣe òun, wọ́n sì ń bá ìretí wọn lọ. Ìdáhùn náà tọ̀nà fún ìbéèrè tí wọ́n bi í. Ìbéèrè náà ló kéré. Ìmìtìtì tó bá lè wá ní ìlàjì báyìí, tó sì lè para pọ̀ ní ìgbà mìíràn, kì í ṣe aago. Ohun tó bá lè kéré ju bí a ṣe rò lọ lè tóbi jù bẹ́ẹ̀ náà. Nínú ìwé ìgbìmọ̀ náà, àyè díẹ̀ wà fún ìparapọ̀: wọ́n ní tó bá já pẹ̀lú apá tó sún mọ́ ọ̀gbun, ó lè tó 8.0. Ibẹ̀ ni ojú wọn mọ.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta 2011, ìwọ̀n 7.3 mì ibẹ̀, sùnámì kékeré kan sì tẹ̀ lé e. Ó bá ohun tí wọ́n mọ̀ nípa etíkun náà mu, nítorí náà kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni jù. Ọjọ́ kejì rẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ kọkànlá, ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú 46 ọ̀sán, èyí tó tóbi já. Láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọ́fíìsì ojú ọjọ́ ti gbé ìkìlọ̀ jáde, èyí tó yá púpọ̀. Ìwọ̀n tí ẹ̀rọ wọn kọ́kọ́ fún wọn ni 7.9. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń yára wọn ìmìtìtì kì í lè fi ìyàtọ̀ hàn mọ́ tó bá ti tóbi dé àyè kan, àwọn ẹ̀rọ tí ìbá tún un ṣe sì ti kọjá agbára wọn nítorí ìmì náà le jù. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tó dùn mí: 7.9 bọ́ sáàrin 7.5 àti 8.0 tí ìwé sọ. Nọ́ńbà tí wọ́n ń retí ni ẹ̀rọ mú wá, kò sì sí ẹni tó ní ìdí láti fura sí i. Wọ́n kéde sùnámì mítà 6 fún Miyagi, mítà 3 fún Iwate àti Fukushima, àwọn ìpínlẹ̀ tó bá a pààlà. Ní Iwate, ibi tí odi òkun wọn ga ju mítà 3 lọ dáadáa wà, ẹni tó bá gbọ́ mítà 3 níbẹ̀ lè rò pé odi yóò dá omi dúró. Ó di aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 14 kí ìkìlọ̀ Miyagi tó di mítà 10. Iná àti tẹlifóònù ti lọ níbi púpọ̀ nígbà yẹn.

Àtúnyẹ̀wò tuntun tó fi 869 sínú ìṣirò ìjọba ti wà ní ìmúrasílẹ̀. Oṣù kẹrin 2011 ni wọ́n fẹ́ gbé e jáde.

Ohun tí wọ́n rí lẹ́yìn rẹ̀ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ibi tó já tó nǹkan bí 500 kìlómítà ní gígùn, 200 ní fífẹ̀. Ẹ̀rọ kan tí Yunifásítì Tohoku ti gbé sí ìsàlẹ̀ òkun sún ní mítà 31. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán ìsàlẹ̀ òkun tí ọkọ̀ yà ṣáájú wé èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn, wọ́n rí i pé lẹ́bàá ọ̀gbun, ilẹ̀ sún ní nǹkan bí mítà 50. Ẹ pín in fún sẹ̀ǹtímítà 8: ó lé ní ọdún 600. Apá tí wọ́n rò pé ó ń yọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ló ti ń kó gbèsè jọ láti ayé àwọn babańlá. Ní 2012, ọkọ̀ Chikyu gbẹ́ ihò gba inú omi tó jìn tó 6,900 mítà, ó sì wọ ilẹ̀ ju mítà 800 lọ, títí ó fi kan ojú tó já náà. Amọ̀ tó ń yọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, kò nípọn tó mítà 5. Èyí tó rọ̀ jù, tí gbogbo ènìyàn rò pé kò lè di ohunkóhun mú, ló yọ̀ jìnnà jù.

Iyanrìn náà tún kọ́ wọn ní ohun kan tí n kò rò pé ẹnikẹ́ni lè mọ̀ láìfojú rí i. Ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ Sendai, omi 2011 wọlé ní nǹkan bí kìlómítà 5. Iyanrìn tó nípọn tó ojú lè rí dúró ní nǹkan bí kìlómítà 3. Láti ibẹ̀ lọ, ẹrẹ̀ lásán ni omi fi sílẹ̀. Ẹni tó bá gbẹ́ ibẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ọdún sí i, tó sì ro pé ibi tí iyanrìn parí sí ni omi dé, yóò kéde sùnámì tó kéré sí èyí tó pa àwọn ènìyàn yẹn. Bí wọ́n ṣe wọn 869 nìyẹn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ìwọ̀n rẹ̀ kúrò ní 8.4, ó di 8.6 ó kéré tán.

Fún àwa tí iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ wa, àwọn nǹkan kan ti yí padà nínú bí a ó ṣe máa ṣe é. Kí a tó pín àlàfo ọdún, a ní láti ṣe ìṣirò ìrìn: mélòó ni abala náà ti rìn, mélòó ni ìmìtìtì tí a mọ̀ ti dáhùn fún, èwo ló kù, kí ni ẹ̀rí wa pé èyí tó kù ń yọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́? Tí a kò bá ní ẹ̀rí fún ìbéèrè ìkẹyìn yẹn, a gbọ́dọ̀ kà á sí gbèsè. Ìtàn tó bá tò dáadáa yẹ kó mú wa béèrè bí ó ṣe gùn tó: ọdún 185 ni àwọn mẹ́fà Miyagi gbà, ohun tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀ sì ń padà wá ní nǹkan bí ọdún 600, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ náà ṣe kọ ọ́ ní ìparí 2011. Ìwọ̀n tí a bá rí láti ara iyanrìn, «ó kéré tán» ni kí a máa kọ síwájú rẹ̀. Ẹni tó sì jókòó ti ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mì kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohun tí ìwé ti sọ tẹ́lẹ̀ bá òun ka nọ́ńbà.

Jàpáànì ti ń ṣe é. Ní ìlà oòrùn Hokkaido, erékùṣù tó wà ní àríwá Jàpáànì, níbi tí abala Pàsífíìkì kan náà ti ń rì, wọ́n gbẹ́ abàtà, wọ́n bá iyanrìn, wọ́n sì rí i pé èyí tó tóbi jù ń padà wá ní ọdún 340 sí 380, pé ó ti tó 400 ọdún tí ó ti ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn. Ní ìparí 2017, ìgbìmọ̀ kéde ìwọ̀n 8.8 «tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ», wọ́n sì gbé ìdíwọ̀n rẹ̀ síta bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, láìdín àìdájú rẹ̀ kù: ìdá 7 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún láàrin ọdún 30. Láti oṣù kejìlá 2022, nítorí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta yẹn, tí ìwọ̀n 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá mì láti Hokkaido dé apá Sanriku, etíkun àríwá ìlà oòrùn Jàpáànì, ìjọba máa ń kìlọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan pé èyí tó tóbi lè tẹ̀ lé e. Nǹkan bí ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún ni, wọ́n sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ará ìlú láìfi pa mọ́. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni sá kúrò nílé. Wọ́n ní kí wọ́n fi aṣọ tí wọ́n lè fi jáde sùn, kí àpò ìsálọ wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kí olúkúlùkù sì mọ ọ̀nà tó lọ sí ibi gíga.